Edé ò lè ka orúkọ tó wà lára ike

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀. Thread yìí máa gùn, ó sì máa bí àwọn kan nínú. Kò burú.

Ohun tó fà á nìyí: lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò mi pé ẹni tí kò bá lówó ìyẹ̀fun GH, kó lọ máa sin adìẹ. Ó lé lọ́gọ́rùn-ún èèyàn tó fi ọkàn pupa sí i. Àwọn tí mo ń bọ̀wọ̀ fún nínú àwa tí à ń sin edé nínú táǹkì wà lára wọn. Mo kà á, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo tún gbé e, mo tún kà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kì í ṣe edé inú ọbẹ̀ là ń wí. Edé kékeré kan ni, Neocaridina ni àwọn onímọ̀ ń pè é, kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ, ó pupa bí ata rodo. Ilẹ̀ Ṣáínà àti Taiwan ló ti ṣẹ̀ wá. Inú táǹkì gíláàsì tí a gbin koríko omi sí là ń sìn ín sí. Á máa ha ewé yíyọ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ òkúta jẹ, á máa bímọ, ìwọ á jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ tí màmá mi kọ́kọ́ rí i, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, báwo lèyí á ṣe tó se ẹ̀fọ́?" Títí di òní wọ́n ṣì ń béèrè.

Wàhálà edé yìí ni pé èèpo ara rẹ̀ kì í bá a dàgbà. Tí ara bá fẹ́ tóbi, ó gbọ́dọ̀ bọ́ èèpo àtijọ́ sílẹ̀, kó wọ tuntun. Kálísíọ̀mù ló fi ń mú tuntun yẹn le, inú omi àti inú oúnjẹ ló sì ti ń rí i. Magnísíọ̀mù náà ní ipa tirẹ̀. Tí omi bá ṣófo jù, èèpo á là yípo lẹ́yìn orí, bí ẹni fi òrùka funfun sí i lọ́rùn. Edé á máa gbìyànjú àtijáde, kò ní lè jáde, á kú síbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí òrùka funfun yẹn lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé.

Àwọn koríko inú táǹkì náà ń fẹ́ nǹkan méjèèjì. Ewé tuntun tó ń jáde ní wíwọ́, tó ń ká jọ, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe àjẹ́ ilé yín ló ń ṣe é.

Ibo wá là ń gbé? Orí àpáta. Ẹni tó bá ti dúró ní Ìkẹ́rẹ́ tó gbójú sókè wo Olósùnta, kò nílò àlàyé mi. Òkúta granite, gneiss àti charnockite ló wà lábẹ́ wa káàkiri. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń gbẹ́ ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ńtì, a ò nírú rẹ̀ lábẹ́ Ado. Òkúta tiwa kì í tètè yòrò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ omi wa fi rọ̀: ọṣẹ díẹ̀, ìfófòó ti kún bàsíà. Gbogbo obìnrin tó ti fọṣọ ní ìlú méjì mọ̀ pé omi yàtọ̀ síra. Ohun tí wọ́n mọ̀ yẹn náà ni Thomas Clark, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì kan ní Aberdeen, sọ di ìwọ̀n láàrin àwọn ọdún 1840: ó ń ka iye ọṣẹ tí omi máa mu kó tó hó. Bí GH ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Kì í ṣe àwo awo.

Kì í ṣe gbogbo kànga ló rọ̀ ṣá. Kànga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrùka kọnkéré sí lè fún yín ní kálísíọ̀mù tí ẹ ò bèèrè fún. Kànga méjì nínú àgbàlá kan lè máa jà síra wọn. Ẹ wọ̀n ọ́n. Màá padà síbí yìí.

Ó wá kan ìyẹ̀fun.

Mi ò ní sọ pé ìyẹ̀fun òkè òkun kò dára. Ó dára. Ẹ bù ú, ẹ dà á, ẹ rò ó, ó parí. Ẹni tó ń sin edé olówó iyebíye, àwọn Caridina tí wọ́n ń fẹ́ KH tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, tó bá lówó rẹ̀ kó rà á, mi ò bá a jà. Ìjà mi ni pé wọ́n sọ ọ́ di gèètì. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń béèrè ike lọ́wọ́ ọmọ ọdún kọkàndínlógún tó ń wá láti Ìfakì kó tó lè wọlé.

Kí ló wà nínú ike yẹn? Iyọ̀ kálísíọ̀mù. Iyọ̀ magnísíọ̀mù. Pọ́tásíọ̀mù díẹ̀. Bóyá èròjà bíńtín mélòó kan. Kò sí ẹ̀mí kankan nínú rẹ̀. Kálísíọ̀mù tí wọ́n pọn sínú ike ní Yúróòpù àti èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míkà láàbù ní Ado, nígbà tí méjèèjì bá ti yòrò tán, edé ò ní bi wọ́n léèrè ìwé ìrìnnà.

Ẹ sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó wa. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó ṣú, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní ọjà ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Owó tí bàbá ẹlòmíì ń gbà níbi iṣẹ́ kò di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó ra ike rẹ̀ kí ó tó di ìgbà yẹn, tó wá ń sọ fún ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí pé "kò wọ́n púpọ̀," ẹ jọ̀ọ́, ṣé oorun ni ẹ̀gbọ́n ń sùn?

Ọ̀rọ̀ tún wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ sọ. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ra ìyẹ̀fun lọ́wọ́ ẹnì kan ní Èkó. Mi ò ní dárúkọ. Kò wá nínú ike, inú nylon ló wà. Ó ní òun ṣí ike ńlá, òun ń pín in ní wẹ́wẹ́ kó lè rọrùn fún wa. Owó tí mo san ju owó oúnjẹ mi ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Mo dà á sómi, mítà TDS fò sókè, inú mi dùn. Edé mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní kọ̀ọ̀kan. Ó tó oṣù kan kí n tó rí ẹni yá mi lóògùn tí wọ́n fi ń wọn GH. GH: òdo. Mo tọ́ ìyẹ̀fun náà wò. Ẹ̀yin ará mi, iyọ̀ ọbẹ̀ ni. Mítà TDS kì í sọ ohun tó wà nínú omi fún yín, iye gbogbo ohun tó yòrò síbẹ̀ ló ń fojú díwọ̀n. Iyọ̀ ọbẹ̀ á mú un gòkè, kò sì ní fún edé ní kálísíọ̀mù tó tó èékánná.

Nítorí náà nígbà tí ẹ bá ní "ẹ ra ojúlówó," ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò tiẹ̀ mọ bí ojúlówó ṣe rí. Orúkọ lásán la ń rà.

Ó yá, ẹ mú bírò. Èyí ló máa bí àwọn oníke nínú.

Iyọ̀ Epsom ni magnesium sulphate. Ilé ìtajà oògùn ló wà. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa, kó má ní òórùn dídùn, kó má ní àwọ̀. (Ìyẹ̀fun tó ń hó gùùrù tí wọ́n ń mu fún inú kíkún kọ́ là ń wí o. Ìyẹn ní nǹkan míì nínú.) Mílígíráàmù 44 nínú lítà omi kan á fi GH kan kún un.

Gypsum ni calcium sulphate. Àwọn ará Ṣáínà ń fi í mú tofu dì, àwọn tó ń pọn bíà ń fi í tún omi wọn ṣe. Mílígíráàmù 31 nínú lítà kan, GH kan. Ṣọ́ọ̀bù kẹ́míkà láàbù ni kí ẹ ti rà á. Ẹ má lọ bá àwọn tó ń ṣe POP sílé, kí ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìyẹ̀fun. Wọ́n lè ti po nǹkan mọ́ ọn kó má tètè dì, ẹ ò sì mọ ohun tó jẹ́.

Baking soda, èyí fún KH. Mílígíráàmù 30 nínú lítà kan, KH kan. Baking soda, mo ní, kì í ṣe baking powder. Èyí kejì ní ásíìdì àti sítáàṣì nínú.

Edé pupa wa yìí ń gbé dáadáa níbi GH 6 sí 8, KH 2 sí 4. Ẹ jẹ́ ká mú kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò tí gbogbo wa ní nílé, lítà 25. Tí omi tó wà nínú rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, bí omi òjò, ẹ fi gypsum gíráàmù 3.5 sí i, Epsom gíráàmù 1.65, baking soda gíráàmù 1.5. Ó ti di GH 6, KH 2, mítà TDS yín á sì ti gòkè ní nǹkan bíi 200. Gypsum kì í kánjú o. Ẹ dà á sí i lálẹ́, ẹ mi kẹ́ẹ̀gì, ẹ lọ sùn, ẹ tún mì ín láàárọ̀. Ẹni tó bá dà á sínú táǹkì tààrà tó rí funfun funfun lórí koríko, kó má pè mí.

Gypsum ìdajì kílò á tó kẹ́ẹ̀gì bíi 140. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

"A ò ní ìwọ̀n tó ń ka 1.65." Mo mọ̀. Èmi náà kò ní nígbà yẹn. Ìwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù kan kan ti tó. Ẹ wọn gypsum gíráàmù 35, ẹ dà á sórí ìwé funfun, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá bí ẹni ń pín gààrí fún ọmọ ilé ìwé. Ẹ di kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá nìyẹn. Fún Epsom, ẹ yọ́ gíráàmù 44 sínú omi kó di lítà kan gééré nínú ike, ẹ kọ orúkọ sí i lára kí àbúrò yín má baà mu ún. Mílílítà kan nínú ike yẹn á fi GH kan kún lítà omi kan. Sírínjì ilé oògùn lẹ máa fi fà á. Fún kẹ́ẹ̀gì wa yẹn, mílílítà 37.5. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè, mi ò kẹ́kọ̀ọ́ nípa kẹ́mísírì. Tí èmi bá lè ṣe é, kò sí àwíjàre.

Ẹnì kan ti sọ nínú DM mi pé sulphate á pọ̀ jù. Mo ṣírò rẹ̀: nǹkan bíi mílígíráàmù 103 nínú lítà kan. WHO kò tiẹ̀ retí kó bá ìtọ́wò omi mímu jẹ́ tí kò bá tó 250. Ìbéèrè gidi ni o, mo sì dúpẹ́ pé ẹnì kan bi mí. Irú kọ́mẹ́ǹtì tí mo ń fẹ́ nìyẹn, kì í ṣe "lọ sin adìẹ."

Mo ti gbá àwọn oníke. Ó wá ku àwa tiwa. Ó ku èmi.

Ní oṣù kọkànlá tó kọjá, mo gbé fídíò kan síta: èèpo ẹyin. "Ẹ má ra nǹkan kan, ẹ fọ èèpo ẹyin, ẹ gún un, ẹ jù ú sí táǹkì, ó parí." Orin wà lábẹ́ rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, mo wọ aṣọ àdìrẹ. Fídíò tó tíì lọ jùlọ nínú gbogbo èyí tí mo ti ṣe nìyẹn. Ó bọ́ mi fún oṣù kan.

Ọmọbìnrin kan ní Ìkẹ́rẹ́ wò ó. Ó ń bọ̀ láti ìgbà tó wà ní SS3 lórí ọ̀rọ̀ táǹkì yìí, ó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Ó ra edé méjìlá. Omi òjò ló lò, èèpo ẹyin ló fi sí i, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kọ̀wé sí mi: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú pé mò ń dà yín láàmú. Ó ku mẹ́ta. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?" Ó fi fọ́tò sí i. Òrùka funfun.

Kò ṣe nǹkan kan tí kò dáa. Èmi ni.

Kálísíọ̀mù wà nínú èèpo ẹyin lóòótọ́, ó kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n calcium carbonate ni, kì í sì í fẹ́ yòrò nínú omi tí kò ní ásíìdì. Lẹ́yìn ìwé tó kọ sí mi ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó tan kámẹ́rà: mo da omi òjò sínú ìgò, mo fi èèpo ẹyin gígún ṣíbí kan sí i, mo fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, GH 2. Ọ̀sẹ̀ méjì míì, kò kúrò lórí 2. Omi ti gba ìwọ̀nba tó lè gbà nínú rẹ̀, ìyókù jókòó sísàlẹ̀ bí yanrìn. Ẹ tún wò ó: kò sí magnísíọ̀mù tó ṣeé kà sí nínú rẹ̀.

Ìkarahun ìgbín, ọ̀rọ̀ kan náà ni. (Ùgbín, bí ìyá àgbà mi ṣe ń pè é.) Èèpo ìṣáwùrú, ìkarahun tí wọ́n lọ̀ fún oúnjẹ adìẹ, gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ìyá kan. Wọ́n níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Nínú táǹkì tí koríko pọ̀, tí ewé ń jẹrà nísàlẹ̀, tàbí tí ẹ ń fẹ́ CO2 sí, omi á máa fẹ́ kan, ìkarahun inú àpò kékeré lẹ́bàá fílítà á sì máa yòrò díẹ̀díẹ̀, kò ní jẹ́ kí KH já sílẹ̀ lójijì. Olùṣọ́ ni. Kì í ṣe òun ló máa kọ́ ilé.

Àwọn kan wá gbọ́n jù mí lọ, wọ́n fi kíkan yọ́ èèpo ẹyin. Ó yòrò lóòótọ́, ó hó, ó dùn ún wò ní fídíò. Ohun tí ẹ ṣe ni calcium acetate. Oúnjẹ ni fún kòkòrò bakitéríà. Ẹ da púpọ̀ sí i, omi á funfun bí omi ẹ̀kọ, bakitéríà á máa mu afẹ́fẹ́ inú omi, edé á máa gun ojú omi wá mí.

Káún ńkọ́? Ó tó ẹni márùn-ún tó bi mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Káún tí a fi ń se ẹ̀wà àti ewédú, carbonate sódíọ̀mù ló kún inú rẹ̀. Kò ní fi nǹkan kan tó nítumọ̀ kún GH yín. KH á fò, pH á tẹ̀ lé e lọ sókè. Ìgbẹ́ edé àti oúnjẹ tó jẹrà ń mú ammonia jáde. Níbi tí pH kò ga, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe wọ́n ní nǹkan. Ní pH gíga, májèlé ni.

Álọ́ọ̀mù náà, tí ọ̀pọ̀ ilé ní Ado fi ń mú omi kànga dá: ó máa ń jẹ KH. Tí wọ́n bá ti fi sí kànga yín, ẹ wọn omi yẹn kí ẹ tó gbé e súnmọ́ táǹkì.

Omi tí à ń fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn náà ní ọ̀rọ̀ nínú. Omi òjò dára, Ọlọ́run ò gba owó. Ṣùgbọ́n òrùlé ló gbà kọjá. Páànù àtijọ́ tí wọ́n fi zinc bò ń tú zinc sílẹ̀, zinc àti kọ́pà kì í ṣe ọ̀rẹ́ edé rárá. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ: eruku oṣù mẹ́ta ló ń fọ̀. Mo máa ń gbé bàsíà síta gbangba láàárín àgbàlá, kì í ṣe sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ó ń pẹ́ kó tó kún. Tí kò bá sí òjò, àpò pure water kan jẹ́ ogún nylon, 50cl kọ̀ọ̀kan, lítà mẹ́wàá gééré. Àwọn kan rọ̀ gan-an, àwọn kan kò rọ̀. Omi ilé-iṣẹ́ kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn ládùúgbò kan náà. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Nígbà ọyẹ́, omi táǹkì á máa gbẹ kíákíá. Omi nìkan ló ń fò lọ o, iyọ̀ ń dúró. Omi òjò lásán ni kí ẹ fi dí i, ẹ má fi omi tí ẹ ti po. Mo rí ẹnì kan ní Ìyìn tó ń fi omi pípo dí tiẹ̀ láti Kérésì títí di oṣù kejì. Mítà rẹ̀ ka 600.

Gbogbo "ẹ wọ̀n ọ́n" tí mo ń wí yìí, mo mọ̀ pé oògùn ìwọn GH àti KH láti òkè òkun náà ló ti ń wá. Òun nìkan ni mo gbà pé ká náwó lé. Ṣùgbọ́n ìgò kan á wọn omi fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn. Àwa mẹ́fà la dáwó ra tiwa, ó ń yípo láàárín Adébáyọ̀, Ajílósùn àti Ìwòròkó bí owó èsúsú. Ẹ bi àwọn oníke bóyá wọ́n ti yá ẹnikẹ́ni ní ìgò tiwọn rí.

Ohun tó dùn mí jù kò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ iyọ̀. Òṣíbàtà tó wà lójú odò wa, tí a fi ń gbàdúrà pé ká lékè, òun náà ni Nymphaea lotus. Àwọn ará òkè òkun ń pè é ní tiger lotus, wọ́n ń tà á nínú ike kékeré. Anubias barteri tí gbogbo yín ń so mọ́ igi nínú táǹkì, gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà àti Cameroon ni ilé rẹ̀. Atya gabonensis, edé ńlá aláwọ̀ aró tí ẹ ń wò ní YouTube tí ẹ ń sọ pé "ah, ti àwọn òyìnbó yàtọ̀," inú odò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ń gbé, tiwa náà wà níbẹ̀. Omi tó bí wọn, àwọn odò wa yìí náà ni. Ẹ wá jókòó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ń sọ fún ọmọ Èkìtì pé omi ilẹ̀ rẹ̀ kò lè gba nǹkan sìn àyàfi tí ó bá ra ìyẹ̀fun.

Mo gbọ́ èsì tí ẹ máa fọ̀: ẹni tó ń po nǹkan nílé lè ṣe àṣìṣe, edé á kú. Òótọ́ ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín bí mo ṣe pa mẹ́sàn-án nínú méjìlá ní Ìkẹ́rẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì mi ní Ado. Ṣùgbọ́n àìpo kọ́ ló pa wọ́n, àìwọ̀n ni. Nylon iyọ̀ ọbẹ̀ tí mo rà lówó gọbọi náà, àìwọ̀n ló jẹ́ kó pa tèmi. Ẹ ò lè fi owó rọ́pò ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò lè fi ọgbọ́n ojú lásán rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lórí èyí, kó mú nọ́ńbà wá.

Mo ti yọ fídíò èèpo ẹyin yẹn kúrò lálẹ́ àná. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti dá a dúró sórí fóònù, ó ṣì ń lọ láti WhatsApp kan sí òmíràn. Tí ẹ bá rí i níbi kankan, ẹ fi thread yìí sábẹ́ rẹ̀, ẹ sọ pé ẹni tó ṣe é ló ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àbúrò mi ní Ìkẹ́rẹ́, mo gbé ike Epsom kan àti gypsum tí a ti dì ní mẹ́wàá mẹ́wàá lọ fún un ní Sátidé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, pẹ̀lú edé mẹ́wàá láti táǹkì tèmi. Mo kúnlẹ̀ bẹ màmá rẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde jàre, wọ́n bu iyán fún mi. Ní àárọ̀ òní ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta àtijọ́ tó ṣẹ́kù, ó ti bọ́ èèpo, gbogbo rẹ̀ jáde ní odindi, ẹyin sì wà lábẹ́ ìrù rẹ̀. Mo ka ẹyin náà dé ogún kí fọ́tò tó fọ́.